Bí ẹ ṣe lè tú 720,720 palẹ̀ láìfọwọ́ kan kakulétọ̀

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Owó kajú ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò màmá mi àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ níbí ní Kabba jọ dáwó, wọ́n wọ àwọn oko ilẹ̀ Bùnú lọ ra kajú, wọ́n sá a, wọ́n dì í sápò, wọ́n tà á fáwọn tó ń fi tírélà wá kó o, ìgbà tí wọ́n yọ owó ọkọ̀, owó àpò àti owó alábàárù kúrò, èrè tó kù jẹ́ ₦720,720, kò lé kò dín. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìṣirò nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kó wá bá àwọn pín in.

Wọ́n jẹ́ 15. Mo pín in, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ₦48,048, kọ́bọ̀ ò ṣẹ́kù. Ó ku ká máa kówó fúnra wa ni ẹnì kan bá rántí pé ìyá kan wà tó dáwó àmọ́ tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, a fi kún un, wọ́n di 16, mo tún un pín, ₦45,045, kọ́bọ̀ ò ṣẹ́kù. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀, méjì nínú wọn bínú pé àwọn ò gba tàwọn mọ́ (wọ́n padà gbà á ṣá o), wọ́n ku 14, ₦51,480, kò tún ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni Àǹtí mi ti yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Tíṣà, owó wo ni wọ́n ń pín tí kì í ṣẹ́kù? Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pín owó ẹgbẹ́, kò sí ìgbà kan tí a ò fi ìyókù ra píọ̀ wọ́tà. Ṣé kì í ṣe pé o ń fi ìwé rẹ́ wa jẹ?”

Mi ò bínú rárá, torí ìfura yẹn gan-an ni ìṣirò. Ẹni tó bá rí nǹkan tó dán jù, kó fura. Iná ò sí, fóònù mi ti kú, mo ya ojú ìwé kan, mo fi bíírò tú nọ́ńbà yẹn palẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹ lè ṣe é fún nọ́ńbà tiyín náà.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ má tíì pín nǹkan kan. Ẹ pe nọ́ńbà náà lórúkọ, kí ẹ sì pè é ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò kà kọjá ọgọ́rùn-ún ní Yorùbá mọ́, àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ò tiẹ̀ ka dé ogún kí wọ́n tó ya sí gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ bá mi ṣe é. Àwọn baba wa máa ń di owó ẹyọ sínú àpò, àpò kan ni 20,000, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ mélòó ló wà nínú 720,000? Mẹ́rìndínlógójì, ìyẹn 36. Ó ku 720. Èyí táwọn àgbà ń pè ní okòó lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ẹ jẹ́ ká fi ogún-ogún kà á: ogún lọ́nà 36. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀kẹ́ 36, ó lé ogún 36. Iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ lè fi ojú rí i nínú 720,720 pé nǹkan kan ń tún ara ẹ̀ kà, àmọ́ orúkọ Yorùbá ló sọ ohun tó ń tún ara ẹ̀ kà fún yín, àti iye ìgbà tó tún un kà.

Ó wá túmọ̀ sí pé tí ẹ bá so ọ̀kẹ́ kan pọ̀ mọ́ ogún kan, ẹ ó ní 20,020, irú ẹ̀ 36 ló wà níbẹ̀. Ogún lọ́nà 1,000 sì ni ọ̀kẹ́, torí náà 20,020 jẹ́ ogún lọ́nà 1,001. Gbogbo nọ́ńbà yẹn, kò ju èyí lọ:

720,720 = 36 × 20 × 1,001

A ò tíì pín nǹkan kan o, orúkọ lásán la pè.

Ohun kejì, ẹ mójú tó 1,001 yẹn, torí òun ni alágbára inú ilé. 7 lọ́nà 11 jẹ́ 77, 77 lọ́nà 13 jẹ́ 1,001. Ẹ ṣe é fúnra yín kó lè dá yín lójú. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́ta èyíkéyìí tí ẹ bá kọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra fi máa ń gbà kí 7, 11 àti 13 pín òun. Mo máa ń fi dá àwọn ọmọ lára yá: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára plate ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí Lọ́kọ́jà yẹn, ká ní 482 ni, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, 482,482. Ẹ fi 7 pín in, 68,926. Ẹ fi 11 pín èyí, 6,266. Ẹ fi 13 pín èyí, 482, ọkọ̀ yín ti padà wá! Àwọn ọmọ máa ń rò pé oògùn ni. Kò sí oògùn, ẹ kàn sọ 482 di ìlọ́po 1,001 nígbà tí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì tún yọ 1,001 náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ohun kẹta ni kí ẹ fọ́ ohun tó kù títí tí ò fi ní ṣeé fọ́ mọ́. 36 jẹ́ 2 × 2 × 3 × 3. 20 jẹ́ 2 × 2 × 5. Àwọn nọ́ńbà tí ò ṣeé fọ́ mọ́ yìí, tó jẹ́ pé àfi 1 àti àwọn fúnra wọn ló lè pín wọn, ìwé ń pè wọ́n ní prime number, èmi ń pè wọ́n ní olóríkunkun ní kíláàsì mi torí wọn ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kó gbogbo wọn jọ:

720,720 = 2 × 2 × 2 × 2 × 3 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni kí ọmọ dúró sí 4 tàbí 6, kó ní òun ti fọ́ ọ tán. Kò tíì tán. Ẹ fọ́ 4, ẹ fọ́ 6. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ọ̀nà tí ẹ gbà fọ́ ọ yàtọ̀ sí tèmi, tí ẹ bá fẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 720 tó jẹ́ 1 × 2 × 3 × 4 × 5 × 6, tí ẹ bá fẹ́ ẹ máa fi 2 gé e láti ìsàlẹ̀, olóríkunkun mẹ́wàá yìí kan náà lẹ máa bá níkẹyìn, ọ̀kan ò ní lé, ọ̀kan ò ní dín. Gauss ará Jámánì kọ ẹ̀rí ìyẹn sílẹ̀ yékéyéké ní 1801, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo nọ́ńbà, kì í ṣe tiwa nìkan.

Ibí yìí ni mo ti dá Àǹtí lóhùn. Mo ní, Àǹtí, ẹ wo àwọn nǹkan mẹ́wàá yìí bí ẹ ṣe ń wo èròjà ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pín owó yìí láìṣẹ́kù, àfi kí èròjà tirẹ̀ ti wà nínú ìkòkò wa. 12 ń bèèrè 2 méjì àti 3 kan, ó wà. 14 ń bèèrè 2 kan àti 7, ó wà. 15 ń bèèrè 3 àti 5, ó wà. 16 ń bèèrè 2 mẹ́rin gbáko, mẹ́rin náà la sì ní, ó ṣe rẹ́gí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 16, kò sí ọ̀kan tí kò ní rí èròjà ẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mò ń bu owó, ẹ̀yin lẹ pa iye tó gba tẹrú tọmọ.

Ó ní, “Tó bá jẹ́ 17 ń kọ́?” Àǹtí yìí, tó bá rí ilé ìwé lọ ni, à bá máa pè é ní Prófẹ́sọ̀ lónìí. 17 gan-an ni odi. Olóríkunkun lòun náà, kò sì sí nínú ìkòkò wa. 18 á gbà torí 2, 3 àti 3 ni. 19 ò gbà. 20, 21, 22 gbà, 23 ò gbà, 24 gbà. 25 ò gbà, ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa, 5 wà nínú wa lóòótọ́ àmọ́ ẹyọ kan péré ni, 25 sì ń bèèrè méjì. 32 náà ò gbà torí 2 márùn-ún ló ń wá. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 tó wà ní Kogi lè pín in, ₦34,320 kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ 36 Nàìjíríà lè pín in, ₦20,020 kọ̀ọ̀kan (ọ̀kẹ́ kan àti ogún kan, ẹ rántí). Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ 774 ti gbogbo orílẹ̀-èdè ò lè pín in, torí tí ẹ bá fọ́ 774, ẹ máa bá 43 nínú ẹ̀, a ò ní 43.

Ṣé nọ́ńbà kan wà tó kéré jù ú tí gbogbo 1 dé 16 lè pín? Rárá. Ẹ dán an wò, ẹ yọ èròjà kan ṣoṣo, ẹnì kan á sunkún. Ẹ yọ 2 kan, ó di 360,360, 1 dé 15 ṣì ń jẹun àmọ́ 16 ò rí tirẹ̀. Ẹ yọ 3 kan, 240,240, 9 ò rí tirẹ̀. Ẹ yọ 13, 55,440, 13 fúnra ẹ̀ á sunkún. Èyí tó tún tẹ̀ lé e tí gbogbo wọn lè pín ni ìlọ́po méjì ẹ̀, 1,441,440, kò sí nǹkan kan láàárín.

Ẹ lè má ráyè fọ́ nọ́ńbà délẹ̀, bóyá ẹ wà lọ́jà, èèyàn ń dúró. Àwọn ìdánwò kékeré wà fún ìyẹn. Fún 9, ẹ ro àwọn díjíìtì pọ̀: 7+2+0+7+2+0 jẹ́ 18, 9 ń pín 18, ó ti parí. Ó ṣiṣẹ́ torí 10 fi 1 ju 9 lọ, 100 fi 1 ju 99 lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ohun tó ń ṣẹ́kù lára díjíìtì kọ̀ọ̀kan ni díjíìtì náà fúnra ẹ̀. Fún 16, díjíìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ wò, 0720, 16 lọ́nà 45, ó gbà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti 7, 11 àti 13 lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ gé nọ́ńbà náà ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ẹ̀yìn, ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Tiwa, 720 yọ 720, òfo, gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Ẹ mú òmíì tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀, 258,643. 643 yọ 258 jẹ́ 385. 385 jẹ́ 5 × 7 × 11, torí náà 7 àti 11 lè pín 258,643 àmọ́ 13 ò lè pín in. Èmi ò mọ ìdí tí wọn ò fi ń kọ́ wa nírú èyí ní pírámárì, wọ́n kàn ní ká ha tábìlì sórí.

Nọ́ńbà mélòó wá ló ń pín 720,720 láìṣẹ́kù lápapọ̀? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ ṣe bí ẹni tó wọ bùkátéríà. Wọ́n bi yín pé, 2 mélòó lẹ fẹ́? Ẹ lè ní ẹ ò fẹ́, ẹ lè gba 1, 2, 3 tàbí 4, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. 3 mélòó? Òfo, 1 tàbí 2, ọ̀nà mẹ́ta. 5 ń kọ́? Ẹ fẹ́ àbí ẹ ò fẹ́, ọ̀nà méjì. 7, 11 àti 13 náà, méjì-méjì. Ẹ wá sọ wọ́n di púpọ̀: 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 = 240. Abọ́ oúnjẹ 240 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ lè bù níbẹ̀, abọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nọ́ńbà kan tó ń pín in. Ẹni tí kò gba nǹkan kan ló ní 1, ẹni tó kó gbogbo ẹ̀ ló ní 720,720.

240 yìí kì í ṣe kékeré. Kò sí nọ́ńbà kankan tó kéré sí 720,720 tí iye àwọn tó ń pín in tó bẹ́ẹ̀. Irú àwọn nọ́ńbà tó ń borí gbogbo àwọn tó kéré sí wọn báyìí, Ramanujan ará Íńdíà ló jókòó tì wọ́n, ó tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí wọn ní 1915 nígbà tó wà ní Ìlú Ọba, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ló kú, kò ju ẹni ọdún 32 lọ. Ṣáájú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Plato ará Gíríìsì àtijọ́ ti ní kí iye onílẹ̀ inú ìlú tó bá dáa jẹ́ 5,040, torí ó rọrùn láti pín fún ogun àti fún àlàáfíà. 5,040 yẹn náà wà nínú tiwa, lọ́nà 143. Èyí tó tún wá borí 720,720 ni 1,081,080. Ẹ pè é ní Yorùbá: ọ̀kẹ́ 54 ó lé ogún 54, iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì tún nìyẹn! Iye tó ń pín òun jẹ́ 256, iye Odù Ifá géérégé. Mi ò ní kó ní ìtumọ̀ o, ẹ má lọ sọ pé Tíṣà sọ pé Ifá ń ṣe ìṣirò kajú, mo kàn rí i ni mo rẹ́rìn-ín.

Ó ku ibi tó dùn mọ́ mi jù, ẹ fara balẹ̀. Yorùbá ń fi àdín ka nọ́ńbà. A kì í ní 17 jẹ́ “mẹ́wàá àti méje”, mẹ́tàdínlógún la ń pè é, ogún tó dín mẹ́ta. Àwọn kan ń sọ pé àdín yìí ló ń jẹ́ kí ìṣirò Yorùbá le. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 391. Ṣé ẹ lè fọ́ ọ? 2 ò gbà, 3 ò gbà, 5, 7, 11, 13, gbogbo wọn ò gbà, ọ̀pọ̀ ọmọ á ní olóríkunkun ni. Ẹ pè é ní Yorùbá: irinwó ó dín mẹ́sàn-án. Irinwó jẹ́ ogún lọ́nà ogún. Mẹ́sàn-án jẹ́ mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí nọ́ńbà tó lọ́po ara ẹ̀ tí wọ́n yọ òmíì tó lọ́po ara ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, ẹ yọ kékeré nínú ńlá, ẹ tún fi kékeré kún ńlá, àwọn méjèèjì yẹn ló bí i. 20 yọ 3 jẹ́ 17, 20 àti 3 jẹ́ 23, 17 × 23 = 391. Orúkọ ẹ̀ ni ìdáhùn! 399 náà, irinwó ó dín ọ̀kan, 19 × 21. 396, irinwó ó dín mẹ́rin, 18 × 22.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó mú aṣọ. Ká ní aláṣọ kan ní Bùnú hun aṣọ tí ìbú àti òró ẹ̀ jẹ́ 20, ó gé igun kan 3 lórí 3 kúrò. Ó ṣẹ́ku aṣọ tí igun ẹ̀ ti ya. Kó gé ibi tó yọ lókè yẹn, 17 lórí 3, kó yí i, kó rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó di aṣọ tó gún régé, 17 lórí 23. Aṣọ ò dín, aṣọ ò lé. Fermat, lọ́yà ará Faransé kan láyé àtijọ́, ló sọ ọ́ di ọ̀nà fífọ́ nọ́ńbà ńlá ní bíi 400 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ wá ṣe é fún tiwa. Nọ́ńbà wo ló lọ́po ara ẹ̀ tó sún mọ́ 720,720? 848 × 848 jẹ́ 719,104, ó kéré. 849 × 849 jẹ́ 720,801, ó fi 81 jù ú. 81! Ìyẹn 9 × 9, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe é. Ó túmọ̀ sí pé 720,720 jẹ́ 849 lọ́nà 849 ó dín 9 lọ́nà 9, ẹ yọ 9, ẹ fi 9 kún un: 840 × 858. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ kí ẹ rí i. Kì í sábà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ o, mi ò ní tàn yín. Nígbà míì ẹ ó gbìyànjú nọ́ńbà àkọ́kọ́, ìyókù ò ní lọ́po ara ẹ̀, ẹ ó lọ sí èkejì, ẹ̀kẹta, títí tí ẹ ó fi bá a pàdé, tí iye méjì tó bí i bá sì jìnnà síra wọn gan-an ó lè pẹ́ débi pé ẹ ó bínú.

720,720 fúnra ẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà tó lọ́po ara ẹ̀, torí 5, 7, 11 àti 13 ò ní ẹnì kejì nínú ìkòkò. Tí ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnì kejì, ìyẹn tí ẹ bá fi 5,005 sọ ọ́ di púpọ̀, ó máa di 60,060 × 60,060, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá gbà ká ní àwọn obìnrin yẹn jẹ́ 12.

Ẹ tún lè ro gbogbo 240 tó ń pín in pọ̀ láìro wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro ti 2 pọ̀, 1+2+4+8+16 jẹ́ 31, ti 3, 1+3+9 jẹ́ 13, lẹ́yìn náà 1+5, 1+7, 1+11, 1+13, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, 31 × 13 × 6 × 8 × 12 × 14, ó jẹ́ 3,249,792. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin nọ́ńbà náà lọ. Nọ́ńbà tó ṣe déédéé ni èyí tó jẹ́ pé, tí ẹ bá ro àwọn tó ń pín in pọ̀ láìka òun fúnra ẹ̀, òun náà ló máa jáde, irú bíi 6: 1+2+3 jẹ́ 6. Tiwa ti kọjá déédéé lọ fíìfíì.

Ó tún ku ọ̀kan tí mo bá pàdé nígbà tí wọ́n ń yan aṣojú ẹgbẹ́. Obìnrin 15, ipò márùn-ún: alága, akọ̀wé, akápò, ẹni tó ń gbowó, alukoro. Alága, ọ̀nà 15, akọ̀wé 14 tó kù, akápò 13, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 11. 15 × 14 × 13 × 12 × 11 jẹ́ 360,360, ààbọ̀ owó kajú wọn gan-an. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn dìbò jàre.

Tí ẹ bá fẹ́ dán àwọn ọmọ yín wò nílé, ẹ bi wọ́n léyìí: ìyá kan ń ka ọsàn, ó kà á ní méjì-méjì, ó ṣẹ́ku kan, ó kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó ṣẹ́ku kan, ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó ṣẹ́ku kan, títí dé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan ló ń ṣẹ́kù ṣáá, ọsàn mélòó ló kéré jù tó lè ní tó bá ju ẹyọ kan lọ? Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n rò ó. 720,721 ni, ẹ sì ti mọ ìdí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni ẹyọ kan ń dín kó pé, 720,719.

Àwọn obìnrin wa ò tíì pín owó náà tán lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ní kó di ọ̀la. Àwọn méjì tó bínú padà wá, wọ́n di 16, a ti ń kówó síta nìyẹn, ni obìnrin kan bá gbọ̀nà Mopa dé pẹ̀lú ìwé pé òun náà dáwó, Àǹtí yẹ ìwé wò, òótọ́ ni. Wọ́n di 17. Mo wo Àǹtí, Àǹtí wò mí. Mo pín in: ₦42,395 kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ku náírà márùn-ún.

Ó ní, “Ẹ̀hẹ́n! Owó nìyẹn.” Ó so náírà márùn-ún náà mọ́ etí ìró ẹ̀, kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi rà títí di òní.